Ẹ Bi Wá, A Ó Dáhùn: Ẹ̀ẹ̀kan Lóòjọ́ Ni Mò Ń Jẹun, Kí Ló Dé Tí Mo Ń Sanra?

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìwọ̀n ara ló gba ojú ewé wa lóṣù yìí, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi. Mo ti yọ orúkọ gbogbo ẹni tó kọ̀wé, mo sì ti gé àwọn ibi tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì wa. Ọjà Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹja, mo sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kílò 74 ni òṣùwọ̀n kà fún mi nílé ìwòsàn. Ní oṣù tó kọjá, ó ti di 86. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé n kì í jẹun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́, ìyẹn lálẹ́ nígbà tí mo bá ti ọjà dé. Àwọn ọmọ mi ní irọ́ ni mò ń pa. Ṣé oúnjẹ nìkan ló ń mú ènìyàn sanra ni, àbí ohun mìíràn wà níbẹ̀? — Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, mi ò ní gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ, mi ò sì ní pè yín ní òpùrọ́, nítorí pé òótọ́ ni ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, oúnjẹ ni ohun tí a fọ ọwọ́ fún, tí a jókòó tì, tí a fi òkèlè rẹ̀ bọ ọbẹ̀. Ohun yòókù, ìpanu ni, ẹni tó bá sì panu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lè fi ọkàn mímọ́ sọ pé òun kò tíì jẹun. Ara ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín lórí fóònù pé kí ọmọ yín obìnrin máa kọ ohun gbogbo tó bá kọjá ètè yín sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà, ẹ sì tún ṣeun tí ẹ yọ̀ǹda kí n mú ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ ọjà, lò níbí. Aago márùn-ún ìdájí ni ẹ jáde láti lọ dúró de àwọn apẹja létí ọ̀sà, inú yín sì ṣófo. Kí ó tó di aago mẹ́jọ, ẹ ti ra pọ́ọ̀fù márùn-ún àti mínírà tútù kan, torí pé, gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín ṣe kọ ọ́, “orí ń fọ́ Màámi.” Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ẹ̀pà yíyan tí alábàáṣe yín nídìí àtẹ rà ni ẹ jọ ń jù sẹ́nu bí àwọn oníbàárà ṣe ń ná ẹja. Aago méjì, mínírà kejì. Lálẹ́ ni ẹ tó wá jẹ ẹ̀bà, ọbẹ̀ ègúsí àti ẹja dídín mẹ́ta, èyí tí ẹ pè ní oúnjẹ kan ṣoṣo tí ẹ jẹ.

Kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi lítà wọn epo ọkọ̀. Obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ yín nílò nǹkan bí 2,000 lóòjọ́, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀. Ike mínírà tó gba ìdajì lítà lè ní ṣúgà tó 50 gíráàmù nínú, èyí tó tó kóró ṣúgà onígun mẹ́rin méjìlá, kálórì inú rẹ̀ sì tó 200, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí eyín jẹ, inú kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti ohun mímu má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń jẹ lóòjọ́, ìyẹn nǹkan bí 50 gíráàmù fún àgbàlagbà. Ike kan ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Bí a bá ro mínírà méjèèjì, pọ́ọ̀fù àti ẹ̀pà pọ̀, wọn kò ní jìnnà sí 1,000 kálórì, gbogbo rẹ̀ sì ti wọlé kí ẹ tó fọ ọwọ́ láti jẹun. Ìjọba àpapọ̀ tilẹ̀ gbé owó orí náírà mẹ́wàá lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣùgbọ́n náírà márùn-ún lórí ike kan kò lè dá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ dúró nínú oòrùn Olúwo.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò kílò méjìlá tí ẹ fi sanra. Kílò kan ọ̀rá ara ń dúró fún nǹkan bí 7,700 kálórì, nítorí náà méjìlá rẹ̀ jẹ́ 92,400. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 730 tó wà nínú ọdún méjì, ohun tí yóò kan ọjọ́ kan kò ju 127 lọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó ní 120 kálórì nínú? Òróró tó kún ṣíbí ìjẹun kan ni. Ìṣírò yìí kò lè ṣe déédéé délẹ̀délẹ̀, torí pé bí ara ṣe ń tóbi náà ni ó ń ná agbára sí i, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé kì í ṣe àjẹkì ló gbé yín dé 86. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo dárúkọ òróró nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni kì í fura sí. Gíráàmù kan èròjà afúnnilágbára, irú èyí tó wà nínú gàrí àti ṣúgà, ní kálórì mẹ́rin. Ti amúaradàgbà, bíi ẹja àti ẹ̀wà, jẹ́ mẹ́rin bákan náà. Ti ọ̀rá àti òróró jẹ́ mẹ́sàn-án. Epo pupa ni o, òróró ẹ̀pà ni o, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ike pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù náà ni o, ọ̀kan ni gbogbo wọn lórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Ẹ wo ara yín nídìí iná lálẹ́ òní: láti inú kẹ́ẹ̀gì ni òróró ti ń dà sínú agbada, ojú yín sì wà lára ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó mọ iye ṣíbí tó ti lọ. Ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan péré, yóò yà yín lẹ́nu.

Ẹja tí ẹ ń tà kò ní ẹ̀bi kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àrọ̀ tí a fi se ọbẹ̀ ata, tàbí ẹ̀pìyà tí a yan lórí ẹyin iná, wà lára oúnjẹ tó dára jù lọ fún ẹni tó fẹ́ dín kílò kù, torí pé amúaradàgbà máa ń jẹ́ kí ènìyàn yó pẹ́. Dídín tí à ń dín in ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yí padà ni òwúrọ̀: kí ẹ jẹ ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín méjì kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì gbé omi tútù dání lọ sọ́jà. Orí tó ń fọ́ yín ní aago mẹ́jọ, ebi àti òùngbẹ ló ṣeé ṣe kó fà á, ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò.

Ẹ béèrè bóyá ohun mìíràn wà níbẹ̀. Ó lè wà. Bí nǹkan oṣù ṣe ń súnmọ́ àtilọ, iṣan ara máa ń dín kù, ọ̀rá sì máa ń fẹ́ràn ikùn ju ìdí lọ. Abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan wà tó máa ń mú ara àwọn obìnrin mìíràn wúwo sí i, ẹ̀yà ara kékeré iwájú ọ̀fun tí wọ́n ń pè ní thyroid náà sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ́ra. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò rẹ̀ bí ẹ bá tún ń rí òtútù nígbà gbogbo, tí ó ń rẹ̀ yín, tí ìgbẹ́ sì ń le. Títí di ìgbà náà, ẹ yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ yín, kí ẹ fi wọn ìbàdí yín ní ọ̀kánkán ìdodo. Fún obìnrin, bí ó bá ti kọjá ínṣì 35, ewu ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn ti pọ̀ sí i nìyẹn. Fún ọkùnrin, ínṣì 40 ni.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ èrò ni mò ń wà láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú. Dókítà ní kí n dín sísanra kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti kó gàrí jáde nílé, ó ní ẹ̀bà ló fa gbogbo rẹ̀, wíìtì nìkan la ó máa jẹ. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí, kílò kan kò kúrò. Láàárọ̀, bisikíìtì àti júùsì inú páálí ni mo fi ń panu nínú ọkọ̀. Ṣé wíìtì kò bá mi lára mu ni? — Dẹ́rẹ́bà, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ọ̀gá dẹ́rẹ́bà, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ìfẹ́ ló fi ṣe é, ṣùgbọ́n gàrí ni wọ́n fi ẹ̀sùn ẹlẹ́sùn kàn. Bí ẹ bá wọn 100 gíráàmù gàrí, tàbí ẹ̀lùbọ́ iṣu, tàbí ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun wíìtì ní gbígbẹ, kálórì inú èyíkéyìí nínú wọn yóò wà láàárín 330 sí 370. Wíìtì tí wọn kò yọ èèpo ara rẹ̀ ní amúaradàgbà àti okùn oúnjẹ (ìyẹn apá oúnjẹ tí inú kì í lè dà tán) ju gàrí lọ dáadáa, èyí tó túmọ̀ sí pé ebi kò ní tètè pa yín, ṣúgà kò sì ní sáré wọnú ẹ̀jẹ̀. Àǹfààní ńlá nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá tìtorí pé wíìtì kì í mú ni sanra, tó ń ro èyí tó tó orí ọmọ ọwọ́, kò rí nǹkan kan ṣe. Èyí tó bá tó ìkúùkù yín tó, kí ẹ̀fọ́ tàbí ewédú àti ẹja sì gba ibi tó kù nínú abọ́. Bí gàrí bá wù yín jẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ ẹ́, kí ẹ sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e padà wọlé.

Páálí júùsì àti bisikíìtì yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ní ọdún 2019, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní National Institutes of Health, ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, gba ogún ènìyàn sínú ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń wo ohun gbogbo tí wọ́n ń jẹ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti ṣe parí sínú ọ̀rá àti páálí ni wọ́n fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí a fọwọ́ sè láti ara ohun tútù. Kálórì, ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti okùn oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba nínú méjèèjì, oníkálukú sì lè jẹ títí yóò fi yó. Lásìkò oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bí 500 kálórì jẹ jù lóòjọ́, wọ́n sì fi ohun tó súnmọ́ kílò kan sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Lásìkò èkejì, wọ́n fi bí iye yẹn náà rù. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé oúnjẹ ilé iṣẹ́ yìí rọ̀ lẹ́nu, ènìyàn sì ń tètè gbé e mì kí inú tó ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ó tó. Ẹ ra àgbàdo sísè, tàbí ẹyin sísè méjì àti ọsàn, kí ọkọ̀ tó kún.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè mí ní “Egungun Ẹja.” Ọ̀kan nínú wọn júwe oògùn ìsanra kan tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá lásán lọ́jà, tí kò ní orúkọ lára. Mo ti ń lò ó fún oṣù kan ààbọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti kún, inú mi sì dùn, àmọ́ ojú mi máa ń wú láàárọ̀. Kílò 51 ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.65. Ṣé kí n máa lò ó lọ? — Arábìnrin, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ọmọ mi, má ṣe ra òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n má ṣe dédé fi í sílẹ̀ fúnra rẹ o. Mú ọ̀rá oògùn náà dání lọ bá dókítà lónìí tàbí lọ́la, kí o sì sọ iye ọjọ́ tí o ti lò ó láìfi nǹkan kan pamọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń dì bẹ́ẹ̀ ni dexamethasone tàbí prednisolone, nígbà mìíràn wọn a fi cyproheptadine kún un kí ebi lè máa pa ènìyàn. Oògùn gidi ni wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Bí ènìyàn bá ń gbé méjì àkọ́kọ́ yẹn mì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn a máa dá omi àti iyọ̀ dúró sára, wọn a kó ọ̀rá lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ọrùn àti ikùn, nígbà tí apá àti itan ń rù. Ohun tí o rí nínú dígí tí inú rẹ dùn sí nìyẹn: omi ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni wọ́n ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, wọ́n ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, wọn kì í sì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà. Ìdí tí mo fi ní kí o má ṣe dédé dá a dúró ni pé ara ti ń ṣe irú èròjà yìí fúnra rẹ̀. Nígbà tí oògùn bá ti ń bá a ṣe é fún ìgbà pípẹ́, ara a káwọ́ gbera. Bí oògùn bá wá sá lọ lójijì, ó lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀, kódà ó lè mú ẹ̀mí lọ. Dókítà ni yóò mọ bí wọn yóò ṣe dín in kù.

Ní báyìí, jẹ́ ká wo kílò 51 tí wọ́n fi ń bú ọ. Fi gíga rẹ lọ́nà gíga rẹ: 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72. Fi èyí pín 51, yóò fún ọ ní 18.7. Láti 18.5 sí 24.9 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ìwọ̀n tó dára fún àgbàlagbà. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni oògùn yẹn bá. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìtọ̀ ṣúgà àti thyroid ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í, ṣùgbọ́n ìwọ kò sọ pé o ń rù. O kàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni.

Bí o bá ṣì fẹ́ fi kílò díẹ̀ kún un, ohun tí mo ní kí àwọn tó kọ̀wé ṣáájú rẹ sá fún ni màá gbé síwájú rẹ, kí wọ́n má bínú sí mi. 100 gíráàmù gàrí nínú omi tútù ní nǹkan bí 360 kálórì. Kó ẹ̀pà 50 gíráàmù lé e, 280 mìíràn nìyẹn. Bu mílíìkì sí i, ó ti lé ní 700, o kò sì tíì kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun nìkan kò tó, torí pé iṣan ni a fẹ́ kún, kì í ṣe ikùn: ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, àti píà nígbà tí ó bá dé. Nǹkan bí 300 sí 500 kálórì lórí èyí tí o ń jẹ tẹ́lẹ̀ ti tó, kí o sì máa fi ara ṣiṣẹ́ tó le díẹ̀. Bí wọ́n bá ń se ìkọ́kọrẹ́ nílé yín, bu àbùkún, kí ẹja inú rẹ̀ pọ̀. Kílò méjì láàárín oṣù kan kì í ṣe kékeré. Àwọn ọ̀rẹ́ wọ̀nyí ńkọ́? Mi ò ní oògùn tiwọn.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ láàárọ̀ ń yọ́ ọ̀rá ikùn? Àti pé tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń dín sísanra kù ń ṣiṣẹ́? — Oníyèméjì

Ìdáhùn: Rárá sí àkọ́kọ́: òógùn ni omi gbígbóná ń mú jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Ní ti tíì, ewé senna tó ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ló wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ìgbẹ́ àti omi ni kílò tó ń lọ lórí òṣùwọ̀n, yóò sì padà lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá mumi. Bí ẹ bá sì ń lò ó lọ, ó lè kó iyọ̀ ara tí ọkàn fi ń lù dáadáa dànù.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí. Kílò 78 ni mí ní ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ti ń jẹ ẹran ọdún, tí a ń lọ láti ilé àna dé ilé ọ̀rẹ́, mo gun òṣùwọ̀n, ó ka 81. Ọdún Káyó-káyọ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ àìjẹ-àìmu fún ọ̀sẹ̀ méjì. — Olùkọ́, Ẹ̀pẹ́

Ìdáhùn: Ọ̀gá olùkọ́, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Fún ẹ láti fi kílò mẹ́ta ọ̀rá gidi sanra, ẹ ní láti jẹ 23,100 kálórì lórí èyí tí ara nílò, ìyẹn bíi 2,570 àfikún lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àfi kí ẹ jẹ oúnjẹ ènìyàn méjì láìsinmi. Mo mọ bí Ẹ̀pẹ́ ṣe ń ṣe àlejò, síbẹ̀ mi ò rò pé ẹ jẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí ìrẹsì, iyán àti ṣúgà bá pọ̀, ara máa ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, ó lè tó 500 gíráàmù, gíráàmù kọ̀ọ̀kan a sì máa di nǹkan bíi gíráàmù omi mẹ́ta mú. Kílò méjì ti ń lọ síbẹ̀ nìyẹn. Iyọ̀ inú ẹran díndín àti ọbẹ̀ ata yóò dá omi mìíràn dúró, oúnjẹ tó sì ṣì wà nínú ìfun ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kọjá ìdajì kílò sí kílò kan. Ìdí kan náà ló fà á tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀ fi máa ń pàdánù kílò mẹ́ta lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí yóò máa pariwo kiri àdúgbò, tí ọ̀sẹ̀ kejì yóò sì já a kulẹ̀.

Ẹ má ṣe gba ààwẹ̀ àìjẹ-àìmu kankan nítorí èyí. Ẹ padà sí oúnjẹ tí ẹ ń jẹ ṣáájú Iléyá, kí ẹ sì máa rìn ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹsẹ̀ yín yóò yá díẹ̀ ju ti ẹni tó ń ṣe fàájì lọ. Ní ti Káyó-káyọ̀, ọdún tí àwọn ará wa fi ń rántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, orúkọ rẹ̀ ti sọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀: kí a yó, kí a yọ̀. Mi ò lè ní kí ẹ má yó. Ẹ jẹ ẹran, ẹ jẹ ẹja, kí ẹ sì fi omi rọ́pò mínírà, torí pé mínírà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yó. Ẹ gun òṣùwọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá sí òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀, kí ẹ tó fẹnu kan nǹkan kan, òṣùwọ̀n kan náà tí ẹ fi rí 78 ni kí ẹ sì lò. Bí ó bá ṣì ka 81, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí ẹ sì kọ iye ṣíbí ṣúgà tí ẹ ń bù sínú tíì àwọn olùkọ́ ní aago mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà.